Bí Ọmọ Mi Ṣe Dúró De Àjẹkù Fádà

Àwọn tó máa ń sọ pé ọmọdé ni ẹwà ilé Ọlọ́run, bí mo bá wò wọ́n dáadáa, àwọn tí kì í gbé ọmọ wá síbẹ̀ ni. Fádà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kò bímọ, kò sì gbèrò àtibí. Olùkọ́ ìjọ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wa bí mẹ́fà, ṣùgbọ́n ilé ló ń fi wọ́n sílẹ̀ sí lọ́dọ̀ ìyá wọn, ó ní wọ́n á wá nígbà tí wọ́n bá gbọ́n. Èmi ni mo gbé ẹwà tèmi pọ̀n, tí mò ń gbé e wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Pọ́bẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ rò. Kò gba ìkánjú. Ẹni tí ìkánjú bá ń ṣe, kó máa lọ, a ó bá a níwájú.

Ayé Faransé ni. Dàhòmì ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin á ti Àjàṣẹ́ gbéra, á gba Sakété kọjá, á wá dúró sí Pọ́bẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni irin tán sí. Sakété ni Fádà ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń wọ ọkọ̀ náà wá ṣe Mísà fún wa. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá wá, olùkọ́ ìjọ á kó wa jọ, á ka àdúrà, á sì máa fi ọ̀pá gígùn kan jí ẹni tó bá ń tòògbé. Ọ̀pá yẹn gùn débi pé olùkọ́ lè dúró sápá ọ̀tún, lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, kó sì kan obìnrin lórí lápá òsì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé orí mi ló kàn.

Oko kan lọ́nà Igana ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ni wọ́n ti rì bọmi láti kékeré ní Sakété, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ àwọn Fádà. Nígbà tó fẹ́ mi, bàbá mi gba ẹrù ìdána, gbogbo ẹbí jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì súre fún wa. Mo rò pé mo ti lọ́kọ. Ìjọ ní rárá o. Ìjọ ní níwọ̀n ìgbà tí èmi kò tíì ṣe ìrìbọmi, tí a kò sì tíì dúró níwájú pẹpẹ, ọkọ mi kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ mímọ́ mọ́. Kí n lọ kọ́ ẹ̀kọ́. Ọdún méjì ni wọ́n ń fi kọ́ ọ. Tèmi ti wọ ọdún kẹrin, nítorí pé mo bímọ sí àárín rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ìyá àgbà kan wà tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá, Ìyá Ìjọ là ń pè é. Bó bá ń gbàdúrà, á gbé ojú sókè díẹ̀, kí Ọlọ́run lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìyá Ìjọ ní ọmọ àbúrò kan ní Sakété. Ọmọ náà ti ṣe ìrìbọmi, ó mọ̀wé díẹ̀, ó mọ aṣọ rán, kò sì tíì lọ́kọ. Mo mọ gbogbo èyí nítorí pé Ìyá Ìjọ kì í pàdé ọkọ mi kó má rò ó fún un.

"Káfíńtà," á ní, "ìwọ tó yẹ kó o máa bá wa jẹ oúnjẹ mímọ́, wo bó o ṣe ń jókòó bí ẹni tí wọn ò pè wá síbi àsè. Ìjọ kò ka èyí tó ò ń bá gbé yìí sí ìyàwó o. Bó bá tún kùnà lọ́dún yìí, ṣé títí ayé ni wàá máa dúró dè é?"

Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín. Kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rín yẹn ni mò ń gbé lọ sùn, òun náà ni mò ń bá jí. Ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ rì wá bọmi, èmi sì mọ̀ pé bí wọn kò bá pe orúkọ mi lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà lè di ọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ẹni tí mo fi gbogbo èyí lé lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin ni, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀. Ó ti já lẹ́nu ọmú, ó sì ti dá ẹjọ́ náà, ó ní èmi ni mo jẹ̀bi. Bí mo bá pọ̀n ọ́n, á máa fi orí gbá mi lẹ́yìn bí ẹni ń gúnyán. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ, á máa wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sì dá a lójú, á fi eyín tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ kan, a ti rìn nínú oòrùn kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e sí ìbàdí, ó rí àwo omi mímọ́ lára ògiri. Nílé wa, ẹni tó bá ti òde dé, omi la fi ń pàdé rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bu omi, ó mu, ó tún bù, ó mu, ó gùfẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o."

Ìyá Ìjọ wà lẹ́yìn wa. "Ẹ ò rí nǹkan!" ó ní. "Ọmọ ti ṣe ìrìbọmi inú, ìyá kò tíì ṣe ti òde."

Àwọn obìnrin kò fi ìmọ̀ràn dù mí. Ọ̀kan ní kí n fún un lẹ́kọ gbígbóná yó kí a tó kúrò nílé, á sùn. Mo fún un. Ó yó, agbára sì wọ ara rẹ̀. Òmíràn ní kí n máa fà á létí. Mo fà á létí, ó sì ké débi tí ẹṣin kòmándàn, òyìnbó tó ń ṣàkóso ilẹ̀ wa, fi dáhùn láti òde. Mo bẹ ọkọ mi.

"Bàbá ọmọ, ẹ ò lè bá mi gbé e díẹ̀, bí mo bá ń dáhùn àdúrà?"

"Lápá ọkùnrin?" ó ní. "Kí wọ́n lè máa pè mí ní Ìyá Káfíńtà?"

Nítorí náà, bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi á gbé ojú sókè, á máa wo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí wọ́n ní kó wá tún un ṣe. Kò sí ẹni tó mọ òrùlé yẹn tó o. Bí ẹnì kan bá bèèrè iye ìṣó tó wà nínú rẹ̀, ọkọ mi ni kó lọ bá.

Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ kan tó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀tọ́. Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ọ. Àgbẹ̀ ni bàbá náà, agbo ilé kan náà la jọ wà, etí rẹ̀ ti ń wúwo, kò sì bá ẹnikẹ́ni lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí. Láàárọ̀ àti lálẹ́, bí mo bá ti gbé ọ̀kà àgbàdo síwájú rẹ̀, ọmọ mi á lọ jókòó tì í. Kò ní fọwọ́ kàn án o. Ọmọ tí kò dákẹ́ fún Ọlọ́run, á dákẹ́ fún ọ̀kà. Á máa wo ọwọ́ bàbá bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bí bàbá bá jẹun tán, á mu omi. Omi yẹn ni àmì. Ọmọ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á dìde, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, á ní, "Bàbá, tèmi dà?" Bàbá á sì ti àwo sí i, pẹ̀lú òkèlè méjì àti ẹja tó ti fi pamọ́ sábẹ́ ọ̀kà. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa ní ilẹ̀ yìí. Ọmọ tí kò bá lè dúró, olè ni wọ́n ń pè é. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń pe àgbà tí kò bá ṣẹ́kù.

Ó wá di ọjọ́ kan tí Fádà ń ṣe Mísà. Ẹ rántí pé nígbà náà, ẹ̀yìn ni Fádà ń kọ sí wa, èdè Látìn ló sì fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kí a má baà gbọ́ ohun tí wọ́n jọ sọ. Olùkọ́ ìjọ ní ọ̀rọ̀ Faransé kan tó máa fi ń pa ariwo wa: "Sìláǹsì!" Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a dákẹ́. Òun ló máa ń pariwo ju gbogbo wa lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n èdè òyìnbó ni, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ọmọ mi ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó: bí ẹnì kan bá gbóhùn sókè, wàá fi dá a lẹ́kun. Fádà bẹ̀rẹ̀ orin Látìn. Ọmọ mi dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì, ó na ìka sí i.

"Sìláǹsì!"

Fádà dákẹ́. Nínú gbogbo ìjọ tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn bá wí láti ọjọ́ yìí, òun nìkan ló gbọ́ràn.

Lẹ́yìn Mísà, olùkọ́ fi ọ̀pá pè mí. "Ìwọ ìyá aláriwo, wá níbí. Ọ̀sẹ̀ méjì sí òní ni Fádà yóò dá gbogbo yín wò kó tó yan àwọn tí a ó rì bọmi. Bí mo bá gbọ́ ohùn ọmọ yìí lọ́jọ́ náà, orúkọ rẹ kúrò nínú ìwé mi. Wàá padà lọ jókòó ti àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń ya àmì àgbélébùú."

"Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọdé ni."

"Ta ló bí i?"

Kò sí ìdáhùn sí èyí nínú katikísìmù, ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn tí wọ́n fi ń kọ́ wa.

Ohun kan tilẹ̀ wà tó ń tù mí nínú ní gbogbo àkókò náà. Bí Mísà bá ti ń lọ sí òpin, tí Fádà bá ti dé ibi tó ti ń jẹ, tó ti ń mu, ọmọ mi á dákẹ́ rọ́rọ́. Á dìde dúró lórí itan mi, ọrùn rẹ̀ á gùn bíi ti lékeléke, kò ní ṣẹ́jú. Ìyá Ìjọ pàápàá á wẹ̀yìn wò ó. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé, ẹ wò ó, oore-ọ̀fẹ́ ti ń wọlé. Mo tilẹ̀ dá a lábàá pé bóyá Fádà ni yóò yà. Bí ìyá bá fẹ́ràn ọmọ, kò sí irọ́ tí kò lè pa fún ara rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, n kò gbẹ́kẹ̀ lé oore-ọ̀fẹ́ nìkan. Mo fi ọmọ sílẹ̀ fún bàbá ọkọ mi.

"Fi í sílẹ̀, ìyàwó," bàbá ní. "Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yóò máa ṣeré níbí. Lọ gba ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọ."

Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yìn mi fúyẹ́ débi tí mo fi ń rò pé mo gbàgbé nǹkan sílé. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ Mísà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì wá rí i pé ó gùn; ọmọ yẹn ni kò jẹ́ kí n mọ̀. Ìyá Ìjọ yíjú wò mí lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tí wọ́n yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọn kò dá a padà. Olùkọ́ náà wò mí, ó sì mi orí. Mo kúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n kúnlẹ̀, mo dìde nígbà tí wọ́n dìde. Ó kù díẹ̀ kí n di ẹni mímọ́.

Fádà ti jẹ, ó ti mu, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn díẹ̀. Mo wẹ̀yìn. Bàbá ọkọ mi ló dúró síbẹ̀ tòun ti fìlà oko rẹ̀, ọmọ mi lórí èjìká. Ọmọ ti sunkún títí, ó ń nawọ́ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá sì ní kí àwọn kàn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ọmọ rí ìyá rẹ̀, kí àwọn sì padà. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Ó rò pé mò ń kí òun ni, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Èjìká ń ro ó, ó sì sọ ọmọ kalẹ̀.

Lákòókò yẹn gan-an, àwọn ọmọ pẹpẹ bu omi sínú ife Fádà, Fádà sì mu omi.

Ọmọ mi rí i. Ẹni tó ń jẹun ti mu omi; ọ̀rọ̀ ti parí. Ó gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ, kò sáré, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Mo fẹ́ pariwo. Mo rántí pé ariwo ni wọ́n ní kí n má mú wá. Mo dìde ààbọ̀, olùkọ́ wò mí, mo tún jókòó. Ọmọ gba abẹ́ igi tí wọ́n fi dínà iwájú pẹpẹ kọjá; igi náà, ọkọ mi ló kàn án, kò sì ro ti ẹni tó kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àtẹ̀gùn. Ó dìde, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá, tèmi dà?"

Fádà kò gbọ́. Aṣọ funfun ló fi ń nu inú ife, ó ń nù ún kárakára, kí ẹ̀kán omi kan má baà ṣẹ́kù. Ẹ fojú inú wò ó: lójú ọmọ tó ń dúró! Ọmọ mi rò pé etí rẹ̀ wúwo bíi ti bàbá ilé.

"BÀBÁ! TÈMI DÀ?"

Fádà yíjú padà. Bàbá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń pe ara wọn láti oko dé oko:

"Òótọ́ lọmọ wí o! Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn..."

Ìjọ tí wọ́n sì ti kọ́ láti ọdún pípẹ́ pé bí ẹnì kan bá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbè é, wọ́n gbè é:

"...ni yóò ru igbá rẹ̀ délé!"

Ọkùnrin, obìnrin, ọmọ pẹpẹ. Wọn kò dáhùn Látìn báyìí rí, ohùn kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú. Olùkọ́ ké "Sìláǹsì!", ó gbé ọ̀pá, ó ń bọ̀. Ọmọ mi rí ọ̀pá, ó wọ abẹ́ aṣọ gígùn Fádà, ẹsẹ̀ kékeré méjì nìkan ló kù níta. Fádà na ọwọ́, olùkọ́ dúró. Báyìí ni Fádà ṣe parí Mísà, tó súre fún wa, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Níta, Ìyá Ìjọ di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó, ẹ kú wàhálà o. Ọmọ àbúrò mi ń bọ̀ wá kí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo rò pé kí n sọ fún ẹ."

Ọkọ mi ń wo òrùlé láti ìta.

Bàbá ọkọ mi ní, "Kí ni mo ṣe? Ṣé wọ́n máa ń jẹun báyẹn níwájú ọmọ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ sì ń wò ó?"

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí Fádà ń dé sí ni wọ́n ti ń dá wa wò. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lẹ́yìn mi wọlé, wọ́n jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n pè kẹ́yìn, tèmi tọmọ, nítorí pé kò gbà kí ẹlòmíràn gbé òun mọ́. Olùkọ́ ti ń bá Fádà sọ Faransé, ó ń fi ẹnu tọ́ka sí mi, ó sì ń fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀. N kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbálẹ̀.

Fádà bi mí ní ohun kan. Olùkọ́ túmọ̀ rẹ̀: "Fádà ní ọmọ rẹ kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Mo wo ojú Fádà. Ojú tó fi bèèrè kò jọ ojú ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, èmi àti ìyá mi la máa ń ru gàrí lọ ọjà Sakété, àwọn Ègùn ló máa ń rà á lọ́wọ́ wa, n kò sì lè ta gàrí fún Ègùn kí n má gbọ́ èdè wọn. Fádà náà ti gbé Àjàṣẹ́ pẹ́. Ègùn ló fi ń wàásù níbẹ̀.

"Fádà," mo ní lédè Ègùn, "mo gbọ́ Ègùn o."

Ojú olùkọ́ yí padà bí ẹni tó gbé omi gbígbóná mì.

Fádà gbé àga sún mọ́ mi. "Ṣé o gbọ́? Mo ní kí ni ọmọ yìí ń bèèrè lọ́wọ́ mi?"

"Àjẹkù yín ni."

"Àjẹkù mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nílé wa, àgbà kì í jẹun lójú ọmọ kó má ṣẹ́ ẹ kù fún un. Ọmọ sì gbọ́dọ̀ dúró títí àgbà yóò fi mu omi. Ó ti ń dúró láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀yin ni ẹ ò mọ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ jẹ, ẹ mu, ẹ nu ife. Ó rò pé ẹ gbàgbé òun ni."

Fádà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ họ irùngbọ̀n. Olùkọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, Fádà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí lo gbà pé mò ń jẹ lórí pẹpẹ?"

Mo mọ̀ pé ibi tí ìdánwò wà gan-an nìyí. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí mi láti ọdún mẹ́ta, mo lè kà á láti òkè sísàlẹ̀. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n tètè rí i.

"Ara Jésù Kírísítì ni."

"Ta ló wà fún?"

"Àwọn tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí ọ lẹ́yìn yẹn. Kí ló dé tí o kò tíì ṣe é?"

Mo wo olùkọ́. Mo wo ọmọ mi tó ń fa okùn bàtà Fádà. Bí mo bá ní ọmọ ni, mo ti dá a lẹ́bi níwájú ẹni tó gbà á sábẹ́ aṣọ. Bí mo bá ní olùkọ́ ni, olùkọ́ ló ni ìwé.

"Fádà," mo ní, "ó lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn ẹni tó ń jẹun. N kò na ọwọ́ rí. Ọmọ yìí ni kò ní sùúrù tó mi."

Fádà na ọwọ́. Ó gba ìwé lọ́wọ́ olùkọ́, ó gba kálámù, ó kọ nǹkan síbẹ̀, ó pa ìwé dé, ó ní kí n máa lọ. Ó kọ ọ̀rọ̀ mi lójú mi, n kò sì mọ ohun tó kọ, nítorí pé n kò tíì mọ̀wé nígbà náà. Àìmọ̀wé tó ń dun èèyàn jù nìyẹn.

Ọkọ mi bi mí nílé. "Kí ló kọ?"

"Ṣé ẹ ní mo mọ̀wé ni?"

"Báwo lojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Irùngbọ̀n ló pọ̀ níbẹ̀."

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ àbúrò Ìyá Ìjọ dé láti Sakété. Ìyá Ìjọ mú un wá kí wa, ó ní àpótí kékeré kan ni àwọn fẹ́ kí ọkọ mi bá àwọn kàn. Ọmọ náà dára, n ò ní purọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ojú tútù. Ó ní kí òun gbé ọmọ mi. Ọmọ mi gé e jẹ lápá. Èmi kọ́ ni mo rán an. Ọkọ mi wọn àpótí, ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára pákó, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, n kò sì mọ̀ bóyá èyí dára jù tàbí ó burú jù.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Fádà tún wọ ọkọ̀ wá, nítorí ọdún tó ti sún mọ́ tòsí. Gbogbo wa di imọ̀ ọ̀pẹ mú, ọmọ mi ń jẹ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìwàásù, olùkọ́ jáde síwájú tòun ti ìwé, ó ní kí ẹni tí òun bá pe orúkọ rẹ̀ wá dúró níwájú pẹpẹ, ní òun nìkan, kó pa ọwọ́ pọ̀, kó má wẹ̀yìn. Àwọn ni Fádà yóò rì bọmi láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ọmọbìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lánàá, bí a bá ní ká sọ ọ́, ó lọ. Òmíràn lọ. Bàbá arúgbó kan tó máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ Mísà dé òpin rẹ̀, wọ́n jí i, ó lọ. Mo ń kà wọ́n. Nígbà tó pé mọ́kànlá, olùkọ́ pa ìwé dé.

Ìyá Ìjọ wẹ̀yìn wò mí. Kò rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Fádà sọ̀rọ̀ kúkúrú kan láti orí àga rẹ̀. Olùkọ́ tún ìwé ṣí. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni pé lẹ́tà tó wà níbẹ̀ kò yé e, bẹ́ẹ̀ Faransé tó ń fi ń gbá wa lójú lójoojúmọ́ ni. Ó wá pe orúkọ mi. Ó pè é bí ẹni ń tu egungun ẹja jáde, ṣùgbọ́n ó pè é.

Mo dìde. Ọmọ mi rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ sókè, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ gbá mi lójú. Wọ́n ti ní ní òun nìkan. Mo wo àwọn obìnrin tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn tí wọ́n ti gbà mí nímọ̀ràn láti ọjọ́ yìí. Olúkúlùkù ń wo imọ̀ ọ̀pẹ ọwọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ní, "A ń dúró o," inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ń dúró.

Nígbà náà ni mo gbọ́ tí bẹ́ǹṣì kan ró lápá ọ̀tún. Ọkọ mi ti dìde. Aṣọ funfun tó fi ń ṣọdún ló wọ̀, ṣòkòtò tí mo fi aró díẹ̀ fọ̀ kó lè mọ́. Ó gba iwájú gbogbo ìjọ kọjá, ó wá dúró ní apá obìnrin, níbi tí n kò rí ọkùnrin dúró sí rí.

"Gbé e fún mi," ó ní.

"Hẹ̀ẹ̀," ẹnì kan ní lẹ́yìn rẹ̀, "Káfíńtà, ṣé o ti ṣí lọ ni?"

Ọkọ mi gba ọmọ, ó sì gbé e jìnnà sí àyà, bí ẹni tó gbé ìkòkò kúrò lórí iná tí kò rí aṣọ ìdìmú. Ó ya ọmọ náà lẹ́nu débi tó fi dákẹ́. Ọkọ mi gbé e padà lọ sápá àwọn ọkùnrin, ó jókòó, ó gbé e lé itan.

Mo pa ọwọ́ pọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. N kò tíì dé bẹ́ǹṣì Ìyá Ìjọ nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi wéréwéré, tí ẹnì kan ń sọ pé, "Ẹ gbé ẹsẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀!" Mo mọ ohun tó ń ṣàn. Mo ti fọ̀ ọ́ kúrò lára aṣọ mi fún ọdún méjì ààbọ̀. N kò wẹ̀yìn. Wọ́n ti ní kí a má wẹ̀yìn.